Òṣèré Tó Jókòó Sórí Ìtẹ́

Àárọ̀ Sátidé ni èmi àti Màmá wọ bọ́ọ̀sì 37 ní Peckham, ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọjà ti kún ní Rye Lane. Iṣu ti wà lórí àtẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti wà nínú páálí, ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ sì ti ń bá oníbàárà rẹ̀ nájà ní èdè Yorùbá bí ẹni pé Dùgbẹ̀ la wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó sì ti tó ogójì ọdún tó ti ń gbé àdúgbò yìí, ṣùgbọ́n kò dé Dulwich rí, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì kì í rìn ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi ń dé ibẹ̀.

"Ta la fẹ́ lọ kí níbẹ̀?"

"Òṣèré kan ni, Màmá. Obìnrin ni. Eré apanilẹ́kún ló mọ̀ ọ́n ṣe jù."

"Ṣé ó wà láyé?"

"Ó ti kú láti ọdún 1831. Àwòrán rẹ̀ la fẹ́ lọ wò."

Màmá kọjú sí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ó dáa. Òkú tí wọ́n ṣì ń lọ kí lẹ́yìn ọdún tó pọ̀ tó báyìí, kò ní í jẹ́ òkú lásán."

A sọ̀ kalẹ̀ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin North Dulwich, a sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Abúlé ni wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀, Dulwich Village, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ti gbé e mì tipẹ́. Òpó igi tí wọ́n kùn ní funfun ló to ẹ̀bá ọ̀nà, igi ńláńlá ta ẹ̀ka bo òpópónà, ariwo Rye Lane sì ti dákẹ́ lẹ́yìn wa bí ìgbà tí èèyàn pa rédíò. Màmá wo àwọn ilé náà látòkè délẹ̀.

"Àwọn olówó ló nibí."

"Ẹni tó ra ilẹ̀ yìí nígbà ìwáṣẹ̀, Màmá, òṣèré ni."

Ó dúró wò mí. Mo rò ó fún un bí a ti ń lọ. Edward Alleyn lorúkọ ọkùnrin náà, ọdún 1566 ni wọ́n bí i. Láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní, ó wà nínú àwọn òṣèré tí òkìkí wọn kàn jù lọ. Òun ló ṣe Tamburlaine, òun náà ló ṣe Doctor Faustus, nínú àwọn eré tí Christopher Marlowe kọ. Ó rówó nídìí eré, ó sì tún rówó nídìí ìran tí wọ́n ti máa ń dẹ ajá sí béárì, èyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà fẹ́ràn. Ní 1605 ó nawọ́ sí ilẹ̀ Dulwich. Ní 1619 ó dá ilé kan sílẹ̀ síbẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ilé Ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ọmọ aláìní méjìlá ló fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ níwèé níbẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú arúgbó ọkùnrin mẹ́fà àti arúgbó obìnrin mẹ́fà.

Ibi tí ìtàn yìí ti ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni ti òfin. Òfin tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1572 ka òṣèré tí kò bá ní ìjòyè kan lẹ́yìn mọ́ alárìnkiri àti alágbe. Wọ́n lè nà án ní pàṣán ní gbangba. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí òfin kà mọ́ agbe ṣíṣe ló wá di ẹni tó ń bọ́ arúgbó, tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ níléèwé.

"Alágbe," Màmá tún ọ̀rọ̀ náà pè jẹ́ẹ́jẹ́. "Ohun tí bàbá mi náà ń pè wọ́n nìyẹn."

Òṣogbo ni Màmá dàgbà sí. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí Dúró Ládípọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ń ṣeré ní àgbàlá Mbari Mbayo. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó dé àgbàlá náà rárá. Bàbá ní alárìnjó kò nílé, kò lọ́nà, pé ọmọ tó bá ń tọ òṣèré lẹ́yìn, òun náà kò ní í pẹ́ di ẹni tí ń tẹ́wọ́ gba owó lójú agbo. Màmá lọ ṣá. Títí dòní, bó bá ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé bàbá náà wà ní yàrá kejì.

Ilé tí a ń lọ kò ga. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀ lára. Dulwich Picture Gallery ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ilé àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dìídì kọ́ láti máa ṣí àwòrán sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Sir John Soane ló yàwòrán ilé náà, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní 1817. Ọgbọ́n tí Soane dá síbẹ̀, òkè ni ọgbọ́n náà wà. Kò gbé fèrèsé sára ògiri tí wọn yóò gbé àwòrán kọ́ sí. Ó dá ojú sí òrùlé, ó fi gíláàsì bò ó, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sì ń rọ̀ wálẹ̀ láìfi ojú kan ojú àwòrán tààrà. Yàrá kan ṣí sí òmíràn, òmíràn ṣí sí ẹ̀kẹta, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kan yóò máa rí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà. Ògiri pupa, férémù aláwọ̀ wúrà, ilẹ̀ onípákó tó ń dún lábẹ́ bàtà. Màmá bọ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un wé kí a tó wọlé. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní èèyàn kì í wọ ilé onílé bí ẹni tí ń bọ̀ láti ọjà.

Àwọn àwòrán ilé yìí ní ìtàn ọba nínú. Oníṣòwò àwòrán kan, Noel Desenfans, tó wá láti ilẹ̀ Faransé, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Francis Bourgeois, ayàwòrán, ni ọba ilẹ̀ Pólàńdì bẹ̀ ní 1790 pé kí wọ́n bá òun kó àwòrán tó dára jọ fún orílẹ̀-èdè òun. Wọ́n fi ọdún márùn-ún kó o jọ. Ní 1795, Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria ti pín Pólàńdì mọ́wọ́ tán. Ọba sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, kò sórílẹ̀-èdè mọ́, kò sẹ́ni tí yóò gba ẹrù. Àwòrán dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Desenfans kú, Bourgeois ló jogún wọn. Nígbà tí Bourgeois náà máa kú ní 1811, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí wọ́n kó wọn fún ilé tí Alleyn dá sílẹ̀ ní Dulwich. Wọ́n ní ẹni tó bá a dámọ̀ràn Dulwich ni John Philip Kemble, ọ̀rẹ́ wọn. Òṣèré orí ìtàgé ni Kemble. Àbúrò obìnrin tí a wá wò sì ni.

Mo ní kí Màmá gbọ́ bí okùn náà ṣe lọ: òṣèré ló ra ilẹ̀, òṣèré mìíràn tó ń jẹ́ William Cartwright ló fi àwòrán ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn ní 1686, òṣèré ẹ̀kẹta ló tọ́ka ibẹ̀ fún ẹni tó ní ẹrù ọba. Àwọn alágbe ló kọ́lé yìí.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí a wá wò, Màmá kọ́kọ́ yà síbi tí n kò rò. Ní agbede-méjì ilé náà, yàrá kékeré kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin, nítorí pé gíláàsì aláwọ̀ ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Pósí mẹ́ta wà níbẹ̀: ti Desenfans, ti ìyàwó rẹ̀ Margaret, àti ti Bourgeois. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní oṣù Keje 1944, bọ́ǹbù já lu ilé yìí, ó fọ́ ibojì náà, ó sì fọ́n egungun wọn sórí koríko. Wọ́n ṣà wọ́n, wọ́n dá wọn padà, wọ́n tún ilé kọ́. Mo rò pé ẹ̀rù yóò ba Màmá. Kò bà á.

"Inú ilé ni wọ́n sin wọ́n sí," ó ní. "Bíi tiwa."

Ó kí wọn. Ó rọra tẹrí ba, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ tí n kò gbọ́. Èyí ni ohun tí ìwé kankan tí mo ti kà nípa Dulwich kò sọ fún mi: pé ọmọ Yorùbá lè wọ ilé àwòrán òyìnbó, kó bá òkú nínú yàrá, kó sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ilé gidi ni òun wà.

Lẹ́yìn náà la rí i.

Àwòrán náà ga ju èèyàn lọ. Ó tó mítà 2.4 ní òró, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1.5 ní ìbú. Ìtẹ́ ni obìnrin náà jókòó lé, ṣùgbọ́n ìtẹ́ náà kò sí lórí ilẹ̀. Ìkùukùu ló yí i ká. Aṣọ rẹ̀ wúwo, ó pọ̀, ó ń ṣàn láti itan dé ẹsẹ̀ bí odò tó gbé àmọ̀ wálẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Gbogbo àwòrán ló ṣú, àfi ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ àti apá rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bà lé ibẹ̀, kò sì lọ síbòmíràn.

Kò wò wá. Ojú rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń wo òkè, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ohun tí àwa kò gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá ìtẹ́, ó ti sọ gbogbo agbára rẹ̀ nù. Ìkejì gbé sókè, ìka rẹ̀ là díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kù tí ọwọ́ náà fẹ́ sọ. Mo dúró síwájú ọwọ́ méjèèjì yìí títí. Ọ̀kan ti gbà, ìkejì kò tí ì gbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn nígbà tí àjálù bá dé nìyẹn, Joshua Reynolds tó ya àwòrán náà sì pín in sí ọwọ́ méjì.

Màmá súnmọ́ ọn, olùṣọ́ yàrá wò wá, ó sì tún gbójú kúrò.

"Irun rẹ̀ ni wọ́n dì yẹn."

Òótọ́ ni. Irun dídì ló wálẹ̀ sí èjìká rẹ̀, adé wà lórí, ìlẹ̀kẹ̀ gígùn sì wà lọ́rùn tí wọ́n ta ní kókó láyà. Màmá ní obìnrin tó bá wọ irú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, tó jókòó báyẹn, kò lè jẹ́ ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

"Ta wá ni àwọn méjì ẹ̀yìn rẹ̀?"

Nínú òkùnkùn lẹ́yìn ìtẹ́, ojú méjì ń yọ. Ọ̀kan mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ìkejì mú ife, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà bí ẹni tí ìpayà mú. Ọ̀bẹ àti ife májèlé ni ohun tí eré apanilẹ́kún àtijọ́ fi ń pa èèyàn. Àánú àti Ẹ̀rù lorúkọ àwọn méjèèjì, nítorí ohun tí Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, kọ: pé irú eré yìí gbọ́dọ̀ ru àánú àti ẹ̀rù sókè lọ́kàn òǹwòran. Àwọn ará Gíríìkì sì ní abo òrìṣà mẹ́sàn-án tó ni iṣẹ́ ọpọlọ àti iṣẹ́ ọnà, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, bí Ògún ṣe ni irin. Melpomene ló ni eré apanilẹ́kún. Ohun tí Reynolds yà nìyí: Ìyáàfin Sarah Siddons gẹ́gẹ́ bí òrìṣà náà gan-an.

Mo sọ fún Màmá pé ọmọ alárìnjó pọ́ńbélé ni obìnrin yìí. Ọjọ́ 5 oṣù Keje 1755 ni wọ́n bí i sí ilé èrò kan ní Brecon, nílẹ̀ Wales. Ojú ọ̀nà làwọn òbí rẹ̀ wà. Roger Kemble, bàbá rẹ̀, ló ń darí ẹgbẹ́ òṣèré tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ méjìlá. Kékeré ló ti ń gorí ìtàgé. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ òṣèré inú ẹgbẹ́ náà, William Siddons, àwọn òbí rẹ̀ kọ̀. Wọ́n rán an lọ máa ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ọlọ́lá kan nítòsí Warwick. Ó pa dà, ó sì fẹ́ ẹ ní 1773.

Ní oṣù Kejìlá 1775, David Garrick, ògbóǹtarìgì òṣèré tó ń darí ilé eré Drury Lane, gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò tí ì pé oṣù méjì tó bímọ. Ó bọ́ sórí ìtàgé, ẹ̀rù bò ó, ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn. Nígbà tí àsìkò eré parí, lẹ́tà kan bá a ní ìgbèríko pé wọn kò nílò rẹ̀ mọ́.

"Wọ́n lé e?"

"Wọ́n lé e, Màmá."

"Ó wá ṣe báwo?"

Ó pa dà sójú ọ̀nà ni. Ó ṣeré ní Manchester, ó ṣe ní York, ó fi ọdún mẹ́rin ṣe ní Bath. Nígbà tó máa kúrò ní Bath ní 1782, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta síta sórí ìtàgé, ó ní àwọn wọ̀nyí ni ìdí tí òun fi ń lọ síbi tí owó pọ̀ sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó tún dúró ní Drury Lane. Isabella ló ṣe, opó tí ìyà jẹ títí tó fi fẹ́ ọkọ mìíràn, kí ọkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè lókùú tó wọlé dé. Henry, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́jọ, ló ṣe ọmọ opó náà. Nígbà tí wọ́n ń dánra wò, tí ìyá ń kú lójú ìtàgé, ọmọ náà bú sẹ́kún gidi, ó rò pé ìyá òun ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é síta, ilé eré ló sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún rán an ní lẹ́tà pé kó máa lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 1784, Reynolds gbé àwòrán yìí síta níbi ìpàtẹ Royal Academy. Òun ni ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́ ọnà náà, òun sì ni ayàwòrán tí àwọn ọlọ́lá ń tọ̀ lọ jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Etí rẹ̀ ti di. Ìwo ló ń gbé sétí kó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ọkùnrin tí kò gbọ́ràn dáadáa ló jókòó ti obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń mú gbogbo ilé sunkún. Ohun tó lè gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ojú lè rí.

Ìyáàfin Siddons fúnra rẹ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní Reynolds fà á lọ́wọ́, ó ní kó gorí ìtẹ́ rẹ̀ tí kò ní àríyànjiyàn, kó sì fi bí òrìṣà náà ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ han òun. Ó gorí ìtẹ́, ó jókòó bẹ́ẹ̀, Reynolds kò sì yí i padà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà ní tiwọn, wọ́n wo ìjókòó náà, wọ́n wo wòlíì Isaiah tí Michelangelo yà sí òrùlé Sistine ní Róòmù, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ kan ló wà lára àwọn méjèèjì. Èmi kò rí ìjà láàárín ìtàn méjì yìí. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ máa ń rí àwòkọ́ṣe rẹ̀ lára alààyè. Ti ojú tó la ẹnu gbàgà lẹ́yìn ìtẹ́ wá ńkọ́? Ojú ara rẹ̀ ni Reynolds wò nínú dígí, tó bojú jẹ́, tó sì yà á sórí bébà kó tó gbé e síbẹ̀. Ayàwòrán náà wọ inú eré lọ. Ó gbà láti jẹ́ ìránṣẹ́ lẹ́yìn ìtẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, Reynolds ní òun fẹ́ fi àwọ̀ díẹ̀ kún ojú rẹ̀. Ìyáàfin Siddons bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kí ojú náà ṣá bó ti ṣá, nítorí ojú ẹni tó ń ro ìbànújẹ́ kì í tàn. Ayàwòrán gbà. Nígbà tí mo sọ èyí, Màmá mi orí. Ó ní òun ti ń wò ó pé kò kun ohunkóhun sójú.

Wọ́n sì tún sọ pé nígbà tó rí iṣẹ́ náà ní píparí, ó súnmọ́ ọn, ó rò pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ohun tó wà létí aṣọ òun. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Orúkọ Reynolds ni. Ayàwòrán náà sọ fún un pé etí aṣọ rẹ̀ ni òun fẹ́ dì mú wọ ọjọ́ iwájú. Ẹ jẹ́ ká rántí òfin 1572. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún méjì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ní kí wọ́n máa na òṣèré bí alárìnkiri, ààrẹ Royal Academy, tí ọba ti fi oyè dá lọ́lá, ń di etí aṣọ ọmọ alárìnjó mú.

Àkọ́kọ́ àwòrán náà wà ní Amẹ́ríkà báyìí, ní ilé Huntington ní San Marino, ní California, láti 1921. Èyí tó wà níwájú wa jẹ́ ìkejì, tí Desenfans rà lọ́wọ́ Reynolds ní 1789. Àwọn kan máa ń fojú ìkejì wo ìkejì. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Ní 1789 ni ojú òsì Reynolds fọ́, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láìpẹ́ sígbà náà. Etí ti lọ, ojú ń lọ. Ìkejì yìí wà lára ohun tó jáde nílé iṣẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú bá a.

Màmá ti wá ìjókòó. Mo jókòó tì í. Ó bi mí bóyá ayé obìnrin náà dára lẹ́yìn náà.

Ó dára, kò sì dára. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 1785, ó ṣe Lady Macbeth ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́. Níbi tí obìnrin náà ti ń rìn lójú oorun, àwọn òṣèré tó ṣáájú rẹ̀ kì í gbé fìtílà kúrò lọ́wọ́. Òun ní òun yóò gbé e kalẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ kò lè mú fìtílà. Sheridan tó ń darí ilé eré sáré wá bá a ní yàrá ìmúra, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má dán an wò. Ó gbé fìtílà kalẹ̀. Ó fọ ọwọ́ méjèèjì. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ipa náà di tirẹ̀. Nígbà tó ń dágbére fún iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1812, Lady Macbeth náà ló ṣe, nígbà tó sì parí ìrìn ojú oorun yẹn, àwọn òǹwòran kò jẹ́ kí eré náà tẹ̀ síwájú mọ́. Wọn kò fẹ́ rí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ méje ló bí, márùn-ún nínú wọn ló kú ṣáájú rẹ̀. Maria lọ ní 1798, Sally lọ ní 1803. Sally ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà tí Drury Lane kọ́kọ́ gbé e wá. Nínú àwòrán yìí, kò tí ì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó ń ṣe ẹkún, ẹkún Maria àti ti Sally sì ṣì wà níwájú.

Màmá kò sọ nǹkan kan. Òun náà ti sin ọmọ. Ó kàn ń wo ọwọ́ tó gbé sókè náà.

Nígbà tó yá, ó bi mí ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ń wá síbí. "Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ta ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó gbà á. Kò tí ì sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nígbà náà. Ohun gbogbo tó mú ilé sunkún ní 1782 ti bá atẹ́gùn lọ, àfi ohun tí àwọn èèyàn kọ sílẹ̀ àti ohun tí ọkùnrin adití kan rí. Iṣẹ́ òṣèré orí ìtàgé le báyìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà a fi ère sílẹ̀, aláró a fi aṣọ sílẹ̀. Ohun tí òṣèré ṣe lálẹ́ yìí, ilẹ̀ ọ̀la kì í mọ́ bá a. Ìdí nìyí tí n kò fi lè fojú ọ̀ṣọ́ ara ògiri wo àwòrán yìí. Ẹni tí ayé pè ní alágbe, tó fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe ohun tí kì í dalẹ́, ẹnìkan wá gbé ìtẹ́ fún un, ó ní kó jókòó, kó má dìde mọ́. Ó sì jókòó sínú ilé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́.

A jáde ní ọ̀sán. Nínú bọ́ọ̀sì 37 tí a wọ̀ padà, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Òṣogbo. Ó ní ọmọdé ni òun, àárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà ni òun ti ń yọjú wo *Ọba Kò So*, eré Dúró Ládípọ̀. Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀ ló ń ṣe Ọya. Ó ní ẹgbẹ́ náà gbé eré yìí kọjá òkun lọ sí Berlin ní 1964, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nígbà tí òun alára kò tí ì mọ̀ pé òun yóò gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láé. Ó ní nígbà tí Ọya bọ́ sójú agbo, bàbá òun tó ní wọ́n jẹ́ alágbe, ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ìbá dọ̀bálẹ̀.

"Báwo ló ṣe ṣe é, Màmá?"

Bọ́ọ̀sì kún. Ọmọ iléèwé wà níwájú wa, obìnrin kan gbé àpò ẹ̀fọ́ sórí itan. Màmá gbé báàgì rẹ̀ fún mi kí n bá òun dì í mú. Ó na ẹ̀yìn ró. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ là, ó sì dá a dúró síbẹ̀. Ọmọ iléèwé kan dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ó ń wò ó.